Rẹ́ǹtì tó wọlé yẹn, gbogbo ẹ̀ kọ́ ló jẹ́ tèmi

Òórùn sọ̀kàwéè ló kọ́ mi ní ìṣirò. July 2021, òjò ti rọ̀ mọ́jú, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ FUTA, yunifásítì tó wà l'Àkúrẹ́, tó ń gbé self-con mẹ́fà (yàrá kan tó ní bálùwẹ̀ àti kíṣìnì tiẹ̀) tí mo kọ́ sí apá South Gate pè mí láàárọ̀ kùtù, ó ní "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa bọ̀, omi ti ń jáde níbi tí kò yẹ kó gbà jáde." Nígbà tí mo máa fi débẹ̀, omi dúdú ti ń sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọnkéré tí a fi bo sọ̀kàwéè, ó ń ṣàn lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá kẹta, àwọn ọmọ yẹn ti to búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ bí afárá, orí ẹ̀ ni wọ́n ń fò gbà wọlé, wọ́n sì ń kí mi pé ẹ káàárọ̀ sà bíi pé kò sí nǹkan kan.

Ojú tì mí. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé kò sówó lọ́wọ́ mi. January yẹn, tí wọ́n wọlé padà lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ 2020, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló san 180,000, ìyẹn 1,080,000, mo ti fi tún ọkọ̀ ṣe, mo fi ṣe ìnáwó àna mi, ìyókù, ẹ má bi mí. Owó caution tí wọ́n fi sọ́wọ́ mi gan-an mo ti jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ gbèsè nìyẹn, ọjọ́ tí wọ́n bá ń kó lọ wọ́n máa béèrè ẹ̀. Kọpurẹ́tíìfù ni mo ti lọ yáwó kí n tó rí ẹni wá fa sọ̀kàwéè.

Ẹ sì wò ó, èmi fúnra mi ni mo fa wàhálà yẹn. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ, wọn ò tíì lọ ju bí ẹsẹ̀ márùn-ún tí dígà fi dún gan, àpáta. Ẹni tó bá ti gbẹ́ kànga rí l'Àkúrẹ́ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tó ń gbẹ́ ẹ ní kí n mú owó wá kí wọ́n fọ́ ọ, mo ní rárá, ó ti jìn tó, ẹ fi síbẹ̀. Mo rò pé mo ti ṣọ́wó ná. Owó tí mo ti san láti fa sọ̀kàwéè kékeré yẹn látìgbà yẹn, ó ti tó fọ́ àpáta náà lẹ́ẹ̀mejì.

2022 tún dé. Àwọn mẹ́ta ti sanwó, àwọn mẹ́ta ní kí n ṣe sùúrù di ìparí February, mo ní kò burú. Ní 14 February ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀, ó di 14 October kí wọ́n tó dá a dúró, oṣù mẹ́jọ gbáko! Èèyàn wo ló máa sanwó yàrá tí kò gbé? Ọ̀kan tiẹ̀ gbé kọ́kọ́rọ́ mi lọ sílé wọn n'Íkàrẹ́, ó ní ẹrù òun wà nínú ẹ̀, kò sanwó, kò sì jẹ́ kí n rí ẹlòmíì fi síbẹ̀.

Látìgbà yẹn ni mi ò ti pín owó ọdún kan sí oṣù 12 mọ́. Oṣù 16 ni mò ń pín in sí. 1,080,000 yẹn, tẹ́ ẹ bá pín in sí 12, 90,000 lóṣù, tẹ́ ẹ bá pín in sí 16, 67,500. 67,500 yẹn ni mò ń jẹ lóṣù. Tí ọdún bá fi máa yí po, 270,000 ti ṣẹ́kù, tilé nìyẹn, kì í ṣe tèmi, ọ̀dà, ẹ̀rọ tó ń fa omi, sọ̀kàwéè, àti ọjọ́ tí ASUU àti ìjọba bá tún fa wàhálà. Inú àkáǹtì tí kò ní ATM ló wà, torí mo mọ ara mi. Nígbà tí mo ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyá mi tó ń ta gààrí l'Ọ́jà Ọba, ẹ̀rín ni wọ́n rín, wọ́n ní ṣebí bí alájọ ṣe ń ṣe nìyẹn, tó ń mú tiẹ̀ kúrò lóṣooṣù kó tó kó tìẹ fún ẹ, kí n sáà ka ilé náà sí alájọ mi.

Agreement àti commission? Àgẹ́ẹ̀ntì ló ń kó ìyẹn lọ́wọ́ ayálégbé, ẹ má kà á mọ́ tiyín rárá.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí mo rà l'Ọ́bà-Ilé náà wà ńlẹ̀, mo fẹ́ kọ́lé síbẹ̀. Bíríkìlà kọ ẹ́síméètì fún mi, búlọ́ọ̀kù, irin, yanrìn, sìmẹ́ńtì, owó iṣẹ́, ó tò ó dáadáa. Mo ní ọ̀gá, fẹ́ńsì ńkọ́? Kànga? Wáyà àti mítà iná? Owó ìpìlẹ̀ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ máa wá gbà? Ó wò mí, ó ní àh, ìyẹn ò sí nínú tèmi o. Mo gba bírò lọ́wọ́ ẹ̀, mo kọ gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn ìwé yẹn, àròpọ̀ ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì èyí tó wà níwájú.

Ni February 2024 bá dé, àpò sìmẹ́ńtì kan kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Èyí tí mo ti rà sílẹ̀ kí owó tó fò sókè, mi ò tọ́jú ẹ̀ sí yàrá, torí ó máa ń dì, ojú ẹsẹ̀ ni mo ní kí wọ́n fi mọ búlọ́ọ̀kù, àpò kan ń fún wa ní bí ọgbọ̀n. Búlọ́ọ̀kù ò kí ń bàjẹ́, olè sì ní láti ṣiṣẹ́ kó tó rí i kó. Mo sì sọ fún bíríkìlà pé tí a bá ti dé DPC, ìyẹn ibi tí ìpìlẹ̀ parí sí kí ògiri tó bẹ̀rẹ̀, ká dúró, mi ò ní gbé ògiri sókè kí n fi í sílẹ̀ fún òjò nígbà tí owó pákó àti páànù ò tíì pé.

Ibẹ̀ la ṣì wà. Àwọn aládùúgbò ti ń bi mí bóyá mo ti ta á. Ìyàwó mi ò tiẹ̀ bi mí ní nǹkan kan mọ́, ó ti gbin ewédú sínú yàrá tó yẹ kó jẹ́ pálọ̀, ó ń já a tà fún wọn.