Ṣọ́ọ̀bù Títì, Ta Ló Lẹrù Inú Rẹ̀?

Ọjọ́bọ̀, Òṣogbo.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí bàbá onílé kan ní agbègbè Ìgbọ̀nà fi pè mí. "Ìyá Ìbejì, ẹrù wà o. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni. Ọmọkùnrin náà ti sá lọ, owó ọdún kan àbọ̀ ló jẹ mí. Wá wò ó, kó o kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n lè rí ṣọ́ọ̀bù mi gbé fún ẹlòmíràn." Mo ní màá yọjú bí mo bá ti mú àwọn ọmọ dé ilé-ìwé.

Irú ìpè bẹ́ẹ̀ ni à ń retí lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Àwa tí à ń ra ẹrù àfisílẹ̀ ní ìlú yìí kò pọ̀, a sì mọ ara wa. Ẹnìkan wà tí kì í ra ju bẹ́ẹ̀dì àti àga lọ, ẹnìkan wà tó jẹ́ pé ìkòkò àti sítóòfù ilé oúnjẹ ni tirẹ̀. Èmi a máa ra èyíkéyìí tí mo bá ti mọ ẹni tí màá tà á fún. Ayálégbé tó kó lọ sí Èkó tí kò padà wá mọ́, olóògbé tí gbogbo ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tó kógbá sílé, gbogbo wọn ló ní ẹrù tí ẹnìkan ń fẹ́ kó kúrò nílẹ̀ kíákíá. Ẹni tó sì ń kánjú kì í nájà pẹ́. Ibẹ̀ ni èrè wa ti ń wá.

Apá kejì ọjà mi ń ti Houston wá, ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé. Iṣẹ́ kan náà ni òun náà ń ṣe, àmọ́ ìlànà tiwọn yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ilé rẹ̀ kò gba ẹrù rẹ̀ a máa lọ háyà yàrá ìkẹ́rùsí, yàrá kékeré onílẹ̀kùn irin tí wọ́n ń ká sókè, a sì máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Bí ó bá jẹ gbèsè títí, àwọn tó ni ibẹ̀ á lu ẹrù inú rẹ̀ ní gbàǹjo. Ní ọjọ́ náà wọ́n á gé àgádágodo lójú gbogbo èèyàn, wọ́n á ká ilẹ̀kùn sókè, àwọn tó fẹ́ rà á á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Wọn kò gbọdọ̀ wọlé, wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan páálí kankan. Ohun tí ojú rẹ bá tó láti ẹnu ọ̀nà ni wàá fi dá iye. Ẹni tó bá borí á sanwó, á sì kó yàrá náà mọ́ tónítóní láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì; bí kò bá kó o mọ́, owó ìdúró tó fi sílẹ̀ lọ nìyẹn. Láti ìgbà Kòrónà ní 2020, púpọ̀ nínú gbàǹjo wọ̀nyí ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, fọ́tò ni wọ́n fi ń wo ẹrù báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní fọ́tò kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ òórùn yàrá, òórùn ló sì ń sọ bóyá òjò ti wọlé.

Ohun tó ń gbówó lọ́hùn-ún kọ́ ló ń gbówó ní Òṣogbo, èyí sì ni àwọn tó ń ní kí n bá àwọn mú ọ̀nà iṣẹ́ yìí kì í tètè gbọ́. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fólítì 120, tiwa jẹ́ 230. Máíkírówéfù wọn tó ń dán bí tuntun, bí o bá so ó mọ́ iná wa tààrà, ó parí. Mo máa ń fi máákà pupa kọ ọ́ sára gbogbo ohun tó ń lo iná kí n tó gbé e síta: "120 ni, ra tiransifọ́mà mọ́ ọn." Àwọn oníbàárà kan ti tìtorí rẹ̀ kọ ọjà mi sílẹ̀, síbẹ̀ mi ò ní yé kọ ọ́. Èyí tó ń yá ni èyí tí kò mọ iná rárá: aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò irin tó wúwo, sípánà, òòlù, ìwé aláwòrán ọmọdé. Ohun ọ̀ṣọ́ Kérésìmesì náà kì í wọ́n nínú yàrá wọn. Bó bá ti di oṣù kọkànlá, àwọn onílé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi á ti máa wá a kiri, láti Òkè-Baálẹ̀ títí dé Òkè-Fìà.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lọ sí Ìgbọ̀nà láàárọ̀ yìí, òfin wọn ló wà lọ́kàn mi. Mo ti bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè rí pé ta ló fún onílé láṣẹ láti ta ẹrù ẹlẹ́rù, ó sì tò ó fún mi lẹ́sẹẹsẹ lórí fóònù. Ní Texas, àṣẹ náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àdéhùn tí ayálégbé fọwọ́ sí láti ìbẹ̀rẹ̀, kó sì hàn gedegbe. Bí gbèsè bá dé, wọ́n á kọ lẹ́tà sí i, á ní ọjọ́ 14 láti san án. Bí kò bá san án, wọ́n á polówó gbàǹjo náà sínú ìwé ìròyìn, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2. Títí wọ́n á fi tà á, bí onígbèsè bá mú owó wá, ó ti gba ẹrù rẹ̀ padà nìyẹn. Bí owó gbàǹjo bá ju gbèsè lọ, èyí tó lé jẹ́ ti onígbèsè, ó sì ní ọdún 2 láti wá béèrè rẹ̀. Bó bá jẹ́ sójà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ni ẹrù, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á láìjẹ́ pé ilé-ẹjọ́ pàṣẹ. Ìwé ẹ̀rí àti fọ́tò ìdílé tí ẹ̀gbọ́n mi bá bá nínú páálí, ọ́fíìsì ibẹ̀ ló ń dá wọn padà sí. Ìdí nìyẹn tó fi lè gbé ẹrù náà síta gbangba kó sì pariwo rẹ̀: ẹlẹ́rù ti gbọ́, àyè sì ti gbà á láti wá.

Ṣọ́ọ̀bù náà wà láàárín alágbo kan àti ìyá aláta. Bàbá kò tíì já àgádágodo. Ó ṣí fèrèsé ẹ̀yìn, mo tan iná fóònù sí inú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ibi tí a ti ń wo ẹrù yìí gan-an, torí ojú ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èruku ni mo kọ́kọ́ ń wò. Bí èruku bá dọ́gba lórí ẹrù, ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn án. Bí ojú ibì kan bá mọ́ ju ibòmíràn lọ, ẹnìkan ti wọlé wá ṣa èyí tó dára. Èruku ibí yìí dọ́gba. Mo rí màṣíìnì ìránṣọ Butterfly méjì tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, màṣíìnì ńlá oníná kan, òmíràn tí wọ́n fi ń di etí aṣọ kó má baà tú, jẹnẹrétọ̀ kékeré, dígí gígùn, áyọ́ọ̀nù eléèédú. Butterfly méjèèjì yẹn, mo lè ti tà wọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó parí, torí ìgbà gbogbo ni àwọn ọmọṣẹ́ ń ṣe fírídọ̀mù ní ìlú yìí, àwọn òbí wọn sì ń wá èyí tó dínwó sí tuntun.

Bàbá ní kí n mú ₦250,000 wá. Kódà bí mi ò bá ná an, màá rí ìlọ́po méjì rẹ̀ lórí ẹrù yẹn.

Mo wá gbé iná sí ara ògiri. Aṣọ wà lórí ìkọ́, aṣọ wà nínú nílọ́nù, wọ́n so bébà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù wà lára rẹ̀. Léèsì, àǹkárá, àdìrẹ ẹlẹ́kọ, odidi àpò aṣọ ẹbí aláwọ̀ kan náà. Òmíràn ti di rírán, ó ku bọ́tìnnì. Òmíràn wà bí wọ́n ṣe gbé e wá, sísọ́ọ̀sì kò tíì kàn án.

Télọ̀ ló jẹ bàbá lówó. Àwọn tó ni aṣọ wọ̀nyẹn kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. Ẹni tó ra léèsì yẹn lè ti máa retí rẹ̀ láti ọdún Iléyá.

"Bàbá, ẹ ti fún un níwèé?"

"Ìwé wo? Mo pè é títí, fóònù rẹ̀ ò lọ."

"Èló lowó ṣọ́ọ̀bù lọ́dún?"

"Ọgọ́rin."

Ọdún kan àbọ̀ ní ₦80,000 lọ́dún, ₦120,000 nìyẹn. Ẹrù tí bàbá fẹ́ tà ní ₦250,000 fi ₦130,000 ju gbèsè lọ. Mo bi í pé ta ló ni ìyókù. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ọjà ni mo ní kó o wá rà, n ò ní kó o wá bá mi ṣẹjọ́."

Inú ń bí i, mo sì mọ̀ pé ó tọ́ kí inú bí i. Àgbà ni, owó ṣọ́ọ̀bù yẹn ló fi ń ra oògùn, ẹni tó jẹ ẹ́ kò sì bá a sọ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n òfin tiwa náà kò dákẹ́. Bí àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, ayálégbé tó ń sanwó lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ oṣù 6, lẹ́yìn náà ni ìwé ọjọ́ 7 tí onílé fi ń sọ pé òun ń lọ sí kóòtù láti gba ilé òun. Adájọ́ ló ń ní kó jáde. Ní 1986, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ bá ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó wí gidigidi, nítorí pé wọ́n fi agbára lé Ojukwu jáde nínú ilé kan ní Ìkòyí nígbà tí ẹjọ́ ilé náà ṣì wà ní kóòtù. Bí gómìnà tó ní sójà lẹ́yìn kò bá lè dá a ṣe, ta ni yóò gba bàbá onílé àti ìyá oníṣòwò sílẹ̀ ní Òṣogbo?

Mi ò ka gbogbo ìyẹn sí bàbá létí. Aṣọ ni mo fi bá a sọ̀rọ̀. Mo ní, "Bàbá, bí ẹnìkan bá rí àǹkárá rẹ̀ lọ́rùn ẹlòmíràn, ọ̀dọ̀ mi ló máa kọ́kọ́ wá. Bó bá sì bi mí, ilé yín ni màá júwe." Ó dákẹ́. Ó ní ẹlòmíràn wà tó máa rà á láìbéèrè nǹkankan. Mo ní òótọ́ ni, ẹni náà wà, mo tiẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ká ṣì wá ọmọ náà ná.

Ìyá aláta ti ń gbọ́ wa láti ìgbà yìí. Ó ní, "Ta ló ní ó sá? Ọ̀kadà ló gbá a. Ó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń to egungun ní Ìkìrun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń tọ́jú rẹ̀." Nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń rí bàbá tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni kò bi í ní nǹkankan.

A pè é. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu obìnrin náà ni, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ta màṣíìnì rẹ̀ o." Mo ní mi ò tíì ra nǹkankan. Ó gbé fóònù fún àbúrò rẹ̀. Ọmọ náà kí bàbá, ó tọrọ àforíjì, ó ní ibi ìjàǹbá náà ni fóònù òun ti sọnù. Bàbá kò dá a lóhùn tààrà, ṣùgbọ́n ó bi í pé ẹsẹ̀ wo ni.

Àdéhùn tí a ṣe nìyí. Ọmọ náà fẹ́ mú Butterfly kan àti ńlá oníná dání; Butterfly yẹn ni yóò yí sí èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi mókun. Ó ta Butterfly kejì fún mi ní ₦55,000, ti etí aṣọ ní ₦60,000, jẹnẹrétọ̀ ní ₦45,000. ₦160,000 lápapọ̀. Bàbá á gba ₦120,000 rẹ̀ lójú gbogbo wa, ₦40,000 tó kù á lọ sí Ìkìrun. Èrè mi kéré púpọ̀ sí èyí tí mo lè rí láti ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rù fúnra rẹ̀ ló dá iye lé e, mo sì lè gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní ọ̀sán gangan.

Ní ti aṣọ, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà á mú ìwé tí àbúrò rẹ̀ ń kọ ìwọ̀n sí wá ní Sátidé, a ó pe àwọn oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí tiwọn kò tíì di rírán á gba aṣọ wọn, àwọn tó ku bọ́tìnnì, ọmọ náà ti dárúkọ télọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó máa parí wọn. Ìyá aláta ti ránṣẹ́ sí obìnrin kan kí n tó kúrò níbẹ̀. Ó sáré dé, ó tọ́ka sí léèsì rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó ní ìgbéyàwó tí òun fẹ́ fi í lọ ti kọjá, ṣùgbọ́n òmíràn ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní kó padà wá ní Sátidé, aago mẹ́wàá.

Mo ti bá oní-kòrópé kan sọ̀rọ̀ fún aago mọ́kànlá. ₦6,000 ló fẹ́ gbà, mo ní kó gba márùn-ún.