Ẹni tó jókòó láìríṣẹ́ ṣe

Ìbéèrè tí olùkọ́ wa fi bẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì operations management, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń darí iṣẹ́ ojoojúmọ́ ilé iṣẹ́, ni mo máa kọ́kọ́ sọ, torí òun ló dójú tì mí níwájú gbogbo kíláàsì. Wọ́n ní: "Òṣìṣẹ́ kan wà lẹ́nu fèrèsé. Ènìyàn 12 ló lè dá lóhùn ní wákàtí kan. Ènìyàn 11 ló ń wá bá a ní wákàtí kan. Ṣé ìlà máa wà níbẹ̀?" Wọn ò tíì sọ ọ́ tán tí mo ti nawọ́. Mo ní rárá o, ṣebí 11 kò tó 12, àyè ẹnì kan ṣì ṣẹ́ kù. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n kọjú sí bọ́ọ̀dù.

Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò gùn rárá. Ẹ yọ 11 kúrò nínú 12, ẹ fi èyí tó kù pín 1. Wákàtí kan gbáko! Ìyẹn ni àkókò tí ẹni tó bá wọlé máa lò kó tó jáde, ní ìpíndọ́gba. Iṣẹ́ tó wá ṣe gan-an, ìṣẹ́jú 5 ni. Ìṣẹ́jú 55 tó kù, ìdúró lásán ni.

Mo gbà pé wọ́n ṣì í ṣe ni. Nígbà tí mo délé, mo tún un ṣírò fúnra mi. Bí ènìyàn 6 bá ń wá, ìṣẹ́jú 10 ni oníkálukú máa lò. Bí wọ́n bá jẹ́ 8, ó di 15. Bí wọ́n bá jẹ́ 10, ó di 30. Bí wọ́n bá di 11, ó di 60. Ẹ wo bó ṣe ń rọra gòkè tẹ́lẹ̀ tó sì ki eré mọ́lẹ̀ lójijì. Ẹnì kan péré la fi kún 10, àkókò sì di ìlọ́po méjì. Òdìkejì rẹ̀ ló tiẹ̀ yà mí lẹ́nu jù: bí òṣìṣẹ́ yẹn bá lè dá ènìyàn 13 lóhùn dípò 12, tó jẹ́ pé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 23 ló máa gé kúrò lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, wákàtí kan yẹn á já sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Àṣé ibi tí mo ti ṣì í ni pé mo rò pé àwọn ènìyàn máa ń wá létòlétò. Bí ẹni 11 yẹn bá ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àlàfo àárín wọn dọ́gba, tí iṣẹ́ kálukú sì gba ìṣẹ́jú 5 géérégé, ẹnikẹ́ni ò ní dúró, èmi ni mo gbà á. Ṣùgbọ́n mẹ́rin á ya wọlé lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ á dá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ti ẹnì kan á gba ìṣẹ́jú 2, ti ẹlòmíì á gba 9. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí òṣìṣẹ́ fi ń wo òrùlé yẹn ti lọ nìyẹn. Kò lè kó o pamọ́ de àwọn tó ń bọ̀. Mo fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn yẹn nínú ìwé mi lẹ́ẹ̀mejì. A. K. Erlang, ará Dẹ́ńmáàkì, ló dá ìṣirò yìí sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìlú Copenhagen ló ń bá ṣiṣẹ́, ọdún 1909 ló sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ jáde. Àwọn tó wà lórí ìlà tirẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ pe fóònù tí wáyà kò tíì ṣófo fún.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò kékeré dé, lórí iye ọjà tó yẹ kí ilé iṣẹ́ máa kó wọlé lẹ́ẹ̀kan. Fọ́múlà Ford W. Harris ni, ti ọdún 1913: ẹ mú iye ọjà tí ẹ ń lò lọ́dún, ẹ fi owó tí kíkó ọjà lẹ́ẹ̀kan ń ná yín sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ fi owó tí ẹ fi ń tọ́jú ẹyọ kan fún ọdún kan pín in, kí ẹ wá wá square root rẹ̀. Ìbéèrè náà fún wa ní ẹyọ 200 lóṣù, 50 fún kíkó ọjà lẹ́ẹ̀kan, 6 fún títọ́jú ẹyọ kan lọ́dún. Mo rọ 200 sí i wàràwàrà, ó gbé 58 jáde, mo fa ìlà méjì sábẹ́ ìdáhùn mi, mo tiẹ̀ wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni pé kí ló ń pẹ́ ẹ. Ti oṣù ni 200, ti ọdún ni 6! 2,400 ló yẹ kí n lò, ìdáhùn ì bá sì jẹ́ 200. Òdo ni mo gbà lórí ìbéèrè yẹn, ó sì tọ́ sí mi.

Inú bí mi débi pé mo jókòó ṣírò ohun tí àṣìṣe mi ì bá ná wọn. Bí wọ́n bá ń kó 200 lẹ́ẹ̀kan, owó kíkó àti owó títọ́jú pa pọ̀ jẹ́ 1,200 lọ́dún. Bó bá jẹ́ 58 tèmi, 2,243. Ìyà wà níbẹ̀. Mo wá ń fi nọ́ńbà mìíràn ṣeré: 300 fún mi ní 1,300, 100 sì fún mi ní 1,500. Ẹ ò rí i pé ọgọ́rùn-ún kan náà ni mo fi ṣì í, sókè àti sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù kò dunni tó èyí tó kéré jù? Ọjà tó jókòó jẹ́ẹ́ sórí pẹpẹ, tí gbogbo ọ̀gá máa ń wò bí owó tó ń sùn, òun náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ọ̀sẹ̀ méjì la lò lórí decision tree, àwòrán bí igi tí a fi ń ṣe ìpinnu, tí a máa ń kọ bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe ṣeé ṣe tó sára ẹ̀ka rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n yà, mo mọ̀ ọ́n ṣírò, mi ò sì ní ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ ju pé a máa ń kọ 0.6 àti 0.4 sára ẹ̀ka rẹ̀ bí ẹni pé láti ọ̀run ni wọ́n ti já bọ́. Herbert Simon ló sọ tèmi. Ó ní ènìyàn kì í sábà wá èyí tó dára jù lọ. Èyí tó bá ti tó ló máa mú, torí àkókò rẹ̀ níwọ̀n, òye rẹ̀ náà sì níwọ̀n. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé lọ́dún 1978. Bí mo ṣe yan kọ́ọ̀sì yìí gan-an nìyẹn: òun nìkan ni kò kọlu wákàtí iṣẹ́ mi.

Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ló wá gbé gbogbo rẹ̀ wá síwájú mi. Àwa mẹ́rin la lọ jókòó nítòsí tábìlì tí wọ́n ti ń yáni ní ìwé nílé ìkàwé, fún wákàtí kan. Ẹnì kan ń kọ ìgbà tí ènìyàn dé, ẹnì kan ń kọ ìgbà tó kàn án, èmi ń kọ ìgbà tó jáde. Ẹnì kẹrin wa kò rí nǹkan ṣe, ó fara ti ògiri, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó bí mi nínú díẹ̀, torí orúkọ rẹ̀ ṣáà máa wà lórí ìwé náà.

Ènìyàn 24 ló wá, wọ́n lo ìṣẹ́jú 5 ní ìpíndọ́gba. Òfin tí John Little fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 1961 sọ iye ènìyàn tó máa ń wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní ìpíndọ́gba, fún wa: 24 láàárín ìṣẹ́jú 60, lọ́nà 5, ó jẹ́ ènìyàn 2. Mo fẹ́ràn òfin yìí gan-an. Kò bìkítà bí wọ́n ṣe wá tàbí ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn.

Òṣìṣẹ́ náà fi ìṣẹ́jú 20 jókòó láìríṣẹ́ ṣe. A fi ìdùnnú kọ ọ́ sínú ìjábọ̀: ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò rẹ̀ ń ṣòfò, kí wọ́n ní kó máa lọ to ìwé sórí pẹpẹ lápá kejì ilé. Olùkọ́ dá a padà fún wa. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n kọ: "Ẹ wo ojú ìwé kẹta yín."

Àkọsílẹ̀ wa ló wà lójú ìwé kẹta. Láàárín aago 10:02 sí 10:04, kíláàsì kan túká, ènìyàn 8 dé gìrọ́gìrọ́. Ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn dúró tó ìṣẹ́jú 10 kó tó kàn án. Wákàtí yẹn náà ni òṣìṣẹ́ fi jókòó fún ìṣẹ́jú 20. Ọwọ́ ara wa la fi kọ méjèèjì, a ò sì rí i. Ká ní òun wà lápá kejì ilé nígbà tí àwọn mẹ́jọ yẹn dé ńkọ́?

A tún un kọ. A fi òṣìṣẹ́ sílẹ̀ síbi tó wà. A wá ṣàkíyèsí pé 9 nínú àwọn 24 yẹn kò yá ìwé kankan, ìwé ni wọ́n wá dá padà, a ní kí wọ́n gbé àpótí kan sẹ́nu ọ̀nà fún irú wọn. Máàkì 14 nínú 20 la gbà. Wọ́n ní 6 tó kù lọ torí a ò ka àwọn tó yọjú, tí wọ́n rí ìlà, tí wọ́n sì padà.

"Mo rí wọn," ni ẹnì kẹrin wa sọ. "Wọ́n tó mẹ́rin. Ẹ ò ṣáà bi mí."