Ojú mi rí nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù géèmù

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní Tanke, ní Ìlọrin níbí ni, òòyì ò tíì tán lójú mi.

Eré ọkọ̀ la ń gbá. Ẹ̀rọ tí mo kọ́kọ́ jókòó tì, àwòrán 30 ló ń gbé jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí mo bá yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún, ọ̀nà á kọ́kọ́ gbọ̀n, á tún máa fà tìkọ̀tìkọ̀ kó tó tẹ̀ lé mi. Itọ́ kún mi lẹ́nu bí ẹni tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì Ọ̀fà.

Ọmọ tó ń bójú tó ibẹ̀ rẹ́rìn-ín: "Alfa, ẹ bọ́ sórí èkejì." Àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nìyẹn. Há! Ọ̀nà ń lọ geere, ọwọ́ mi àti ọkọ̀ jọ ń rìn. Èébì rọlẹ̀. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kò síyàtọ̀ láàárín 30 àti 60, ẹ wá wò ó.)

Ṣé ó ti ṣe ẹ̀yin náà rí?