Ẹ Wo Ọ̀nà Oòrùn Kí Ẹ Tó Ya Ilé

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ ilé kíkọ́ kọ́ mi, èyí ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ: ẹ má tíì pe ayàwòrán ilé títí ẹ ó fi mọ ibi tí oòrùn ń gbà lórí ilẹ̀ yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ti yan àwòrán tó wù wọ́n lórí fóònù, wọ́n á wá gbé e ka ilẹ̀ tí kò bá a mu rárá. Ilé náà á rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán, kò ní ṣeé jókòó sí láìtan ẹ̀rọ amúlétutù.

Mo máa ń ri ọ̀pá mọ́ àárín ilẹ̀, màá fi òkúta sí ibi tí òjìji rẹ̀ dé láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Bí àsìkò bá yí, màá tún un ṣe, torí ọ̀nà oòrùn kì í dúró sójú kan jálẹ̀ ọdún. Níbi tó jìnnà sí agbedeméjì ayé lápá àríwá, fèrèsé ńlá tó kọjú sí gúúsù á mú kí ilé móoru nígbà òtútù. Lápá gúúsù ayé, àríwá ni kó kọjú sí. Nítòsí agbedeméjì ayé, òkè orí ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà, òrùlé ló sì ń jìyà rẹ̀ jù.

Ògiri ìwọ̀-oòrùn ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Oòrùn ọ̀sán ń ti òkè bọ̀, etí òrùlé tó yọ síta dáadáa á dí i. Ti ìrọ̀lẹ́ ti wálẹ̀ ní tirẹ̀, abẹ́ òrùlé ló ń gbà wọlé. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri bulọ́ọ̀kù tó kọjú síbẹ̀ láti inú yàrá lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú: ẹ ó rí i pé ó ṣì gbóná. Ooru tó gbà lójúmọmọ ló ń tú jáde lásìkò tí ènìyàn fẹ́ sùn. Ìdí nìyí tí mo fi ń na ilé láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ̀gbẹ́ tó kúrú lè kọjú sí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Balùwẹ̀, yàrá ìkẹ́rùsí àti àtẹ̀gùn ni mo ń kó síbẹ̀. Bí igi ńlá bá wà lápá ibẹ̀, mo máa ń bẹ onílé kó má gé e. Ó máa ń dùn mí gan-an tí katakata bá ti wó gbogbo igi kí a tó débẹ̀.

Gíláàsì ńlá dára lójú, àmọ́ aṣọ fèrèsé kò lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀: kí oòrùn tó kan aṣọ, ooru ti wọlé. Ìta ni kí ohun tó máa dí i wà, ìbáà jẹ́ pákó, oparun tàbí ewéko tó ń fà.

Ní ti òrùlé, iṣẹ́ Francis Kéré, ayàwòrán ilé tó jẹ́ ọmọ Burkina Faso, ni mo máa ń fi han àwọn ènìyàn. Ilé ẹ̀kọ́ tó yà sí Gando, abúlé rẹ̀ níbẹ̀, parí lọ́dún 2001. Bíríkì amọ̀ tí wọ́n po símẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́ ni ògiri àti àjà rẹ̀, wọ́n wá gbé páànù sókè kúrò lórí àjà náà. Afẹ́fẹ́ ń gba àárín méjèèjì kọjá, ó ń gbá ooru páànù lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Ní 2022, Kéré gba Pritzker, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn ayàwòrán ilé lágbàáyé.

Símẹ́ǹtì ṣíṣe ló ń fa nǹkan bí ìdá 7 sí 8 nínú 100 carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé móoru, tí ọmọ aráyé ń tú sójú ọ̀run. Bíríkì ilẹ̀pa tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀, irú èyí tí Kéré lò, sábà máa ń gba símẹ́ǹtì ìdá 5 sí 10 péré nínú 100 àpòpọ̀ rẹ̀, a kì í sì í sun ún. Ṣùgbọ́n gbogbo ilẹ̀ kọ́ ló bá a mu. Mo máa ń ho erùpẹ̀ òkè kúrò, màá bu ti ìsàlẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, màá da omi sí i, màá mì í, màá gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á ti sùn sísàlẹ̀, amọ̀ á wà lókè. Bí amọ̀ bá pọ̀ jù, bíríkì á sán tó bá gbẹ. Bí yanrìn bá pọ̀ jù, kò ní dì mọ́ra.

Tí ẹ bá ti tẹ bíríkì náà tán, ẹ fi ọ̀rá bò ó, ẹ máa wọ́n omi sí i, torí símẹ́ǹtì inú rẹ̀ nílò omi kó tó le. Kí ìpìlẹ̀ sì ga dáadáa, kí òjò tó ń ta sókè láti ilẹ̀ má baà jẹ ẹsẹ̀ ògiri.