Ẹ Kọ́kọ́ Yí Owó Náà Padà, Kí Ẹ Wo Ẹ̀yìn Rẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá fi owó bébà kan lé mi lọ́wọ́, tí wọ́n tẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ̀yìn ni ọgbọ́n atẹ̀wé máa ń fara hàn jù, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ Benjamin Franklin, atẹ̀wé kan ní ìlú Philadelphia, ni owó náà ti jáde.

Massachusetts, ọ̀kan lára àwọn agbègbè Amẹ́ríkà tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ tẹ owó bébà ní ọdún 1690, nígbà tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ padà láti Quebec, ìlú àwọn Faransé ní Kánádà, láìrí ìlú náà gbà, tí ìjọba kò sì ní fàdákà tí yóò fi san owó wọn. Àwọn agbègbè yòókù tẹ̀ lé e, kò sì pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe ayédèrú owó náà fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sára owó púpọ̀ pé ikú ni ìjìyà ẹni tó bá ṣe ayédèrú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kò dí ọwọ́ ọ̀dájú. Ohun tí Franklin ṣe ní àwọn ọdún 1730 ló wú mi lórí: ewé gidi ló fi ṣe àwòṣe, tó sì rọ irin yíyọ́ sínú àwòṣe náà, kí gbogbo iṣan ewé náà, èyí tó nípọn àti èyí tó tín-ín-rín bí irun, lè jáde lẹ́yìn owó náà. Kò sí agbẹ́nà tó lè fi ọwọ́ gbẹ́ irú rẹ̀ dáadáa, Franklin sì fi ọ̀nà náà ṣe àṣírí.

Ìfọwọ́sí ni mo máa ń wò tẹ̀ lé e, nítorí ọwọ́ ni wọ́n fi ń bọwọ́ lu owó wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń kọ nọ́ńbà sí i. John Hart, tó bọwọ́ lu ìwé òmìnira Amẹ́ríkà ní 1776, bọwọ́ lu owó New Jersey ní ọdún kan náà. Ẹ tún lè rí owó tó ti ya, tí ẹni tó ń ná an fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán. Àwọn tó ń tà á a máa dín iye rẹ̀ kù nítorí èyí. Inú tèmi a máa dùn, torí owó tí wọ́n ná ni mo ń wá.

Owó tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ìgbìmọ̀ tó ń ṣojú gbogbo àwọn agbègbè náà nígbà tí wọ́n ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà fún òmìnira, tẹ̀ láti 1775 ló pọ̀ jù, ó sì lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là. Wọ́n ní ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun, ṣùgbọ́n fún owó yìí, ọjọ́ olóhun kò dé: àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ ayédèrú rẹ̀ ní New York, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, títí tí kò fi níye lórí mọ́. Lónìí, àwọn olùkójọ a máa fi owó gidi ra ayédèrú ìgbà náà pàápàá.

Èyí tó yẹ kí ẹ sá fún ni àdàkọ òde òní tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà pípọ́n tó ń dún ràkàràkà. Bí ẹ bá rí méjì tí nọ́ńbà wọn jọra, tí ìfọwọ́sí wọn kò sì fi ìlà kan yàtọ̀, ẹ má san kọ́bọ̀ lé e.