Ta ló fojú kàn án?

Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì.

Tanke, ní Ìlọrin, la wà lónìí, à ń wá ibi tí omi wà lábẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ kànga. A na okùn, a gba nọ́mbà, òjò ṣú, a kó ẹrù. Ọ̀rọ̀ tí Àlàájà tó ni ilẹ̀ sọ ni kò kúrò létí mi. Àwọn ọmọ tó ń gbá irin wọlẹ̀ ń sọ ti omi tí wọ́n ní ó wà lábẹ́ ilẹ̀ Máàsì, pílánẹ́ẹ̀tì pupa yẹn, Àlàájà sì dá wọn lóhùn pé, "Omi wo? Ta ló fojú kàn án?"

Kò sẹ́ni tó fojú kàn án. Òótọ́ ni, ó sì ń dùn mí bí ẹni pé èmi ló ń bá wí.

Ṣùgbọ́n ta ló ń fojú kan omi kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ? Irin mẹ́rin là ń gbá wọlẹ̀ lójú ìlà kan. Méjì ìta ń ti iná mànàmáná sínú ilẹ̀, méjì àárín ń wọn agbára tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí a bá ṣe ń sún ti ìta jìnnà, láti mítà 1 dé 100 lápá kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí à ń kà ń ti ìsàlẹ̀ wá. Nígbà ọyẹ́, ẹ da omi oníyọ̀ sí ìdí irin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nọ́mbà á kàn máa fò sókè-sódò. Àpáta Ìlọrin tí kò sán a máa dí iná lọ́nà dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohm-mítà, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń ka bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná tó. Ibi tó bá ti sán, tí omi wọ̀ ọ́, nọ́mbà á wálẹ̀. Amọ̀ náà á sì mú un wálẹ̀! Ó lè bọ́ sábẹ́ 100 bí ẹni pé odò ló wà níbẹ̀. Amọ̀ a máa mu omi, kì í tú u sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ibẹ̀ lowó onílé ti ń ṣòfò.

Amọ̀ yìí kan náà ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lókè ọ̀hún. Ní 2018, àwọn tó ń lo rédà MARSIS, lára sátẹ́láìtì Mars Express ti Yúróòpù, kéde ibìkan tó ń ta ìgbì padà gan-an lábẹ́ yìnyín gúúsù Máàsì, bíi kìlómítà kan ààbọ̀ nísàlẹ̀, tó fẹ̀ tó 20 kìlómítà. Wọ́n ní adágún ni. Inú mi dùn nígbà náà... Ní 2021, àwọn mìíràn fi hàn pé amọ̀ tó tutù nini lè ta ìgbì padà bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ sì tutù débi pé omi ò lè ṣàn àfi bí iyọ̀ bá pọ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ti adágún yẹn, èmi ò gbà á gbọ́ mọ́.

Ti InSight ni mo rọ̀ mọ́, ẹ̀rọ NASA tó balẹ̀ sí Máàsì láti gbọ́ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń mì. Ó jókòó sí Elysium Planitia, pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan níbẹ̀, láti oṣù kọkànlá 2018 títí di ìparí 2022, ó gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ tó lé ní 1,300. Ní 2024, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Vashan Wright, Matthias Morzfeld àti Michael Manga, fi ìyára ìgbì àti ìwúwo àpáta ṣe ìṣirò. Àpáta líle tó sán, tí omi kún ojú sísán rẹ̀, ló bá a mu jù, láti kìlómítà 11.5 dé 20 nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ìgbì tó ń tì síwá-sẹ́yìn a máa yára sí i bí omi bá gba ipò afẹ́fẹ́ níbẹ̀, èyí tó ń mì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Bó bá kárí ayé Máàsì, tí a bá tú omi náà sójú ilẹ̀, á bò ó mọ́lẹ̀, á jìn tó kìlómítà kan sí méjì.

Mo gbà á. Tàbí... ibùdó kan ṣoṣo ni. Lọ́dọ̀ wa, ta ló ń wọn ojú kan ṣoṣo kó tó pe ríìgì, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ kànga?

Gbígbẹ́ kọ́ ni ká tíì máa sọ o. Ihò Kola ní Rọ́ṣíà, ihò jíjìn tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ ayé wa, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1970, 12,262 mítà ló dé ní 1989, ooru ìsàlẹ̀ ò sì jẹ́ kí wọ́n lọ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìmìtìtì ni kí wọ́n tún gbé lọ sí Máàsì, mẹ́ta ó kéré tán, kí wọ́n jìnnà síra. Kí wọ́n má sì gbára lé oòrùn nìkan, eruku tó bo pánẹ́ẹ̀lì InSight ló pa á.