Oṣù kan ní Wedding, níbi tí wọ́n ní owó ilé ò ti wọ́n

Ẹ má rẹ́rìn-ín o, Wedding lorúkọ àdúgbò tí mo lọ gbé ní Berlin. Mo sọ fún màmá mi lórí fóònù, wọ́n ní ta ló ń ṣègbéyàwó, kí ló dé táwọn ò gbọ́, aṣọ ẹbí ńkọ́. Kò síyàwó kankan o jàre. Àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ni látijọ́, gbogbo ẹni tí mo bá sì bi ló ń sọ pé ibẹ̀ ò wọ́n.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo dé sí, ẹ̀gbẹ́ Müllerstraße, reluwé abẹ́ ilẹ̀ U6 ò jìnnà síbẹ̀. Orúkọ àwọn títì ibẹ̀ ló kọ́kọ́ dà mí rú: Togostraße, Kameruner Straße, Afrikanische Straße, àfi bíi pé mi ò tíì kúrò nílé. Ọ̀rọ̀ ìmúnisìn ló bí wọn ṣá, kì í ṣe ìfẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí orúkọ gbàgede Nachtigalplatz padà sí Manga-Bell-Platz ní 2022 ni, orúkọ ọba Duala ní Kamẹrúùnù tí àwọn Jámánì yẹgi fún ní 1914.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ owó. Mo rí ìpolówó ilé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ní háà, èyí mà dáa o, ni ẹ̀gbọ́n mi bá bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò, Kaltmiete lò ń wò yẹn." Owó ilé títutù! Ó tutù lóòótọ́, torí owó ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ò sí níbẹ̀, omi ò sí níbẹ̀, owó àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ò sí níbẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ ló tó di Warmmiete, owó ilé gbígbóná, iná mànàmáná sì tún wà lọ́tọ̀. Owó kọ́ṣọ̀n ńkọ́? Òfin gbà kí onílé gbà tó owó ilé títutù oṣù mẹ́ta. Àwọn ilé kan tiẹ̀ wà tẹ́ ẹ máa wọ̀ tí ò ní kíṣìnnì, ẹni tó kó jáde ti tú síńkì ẹ̀ lọ!

Ṣùgbọ́n ìyá ará Tọ́kì kan wà nísàlẹ̀, ilé yẹn náà ni o, yàrá wọn ju ti ẹ̀gbọ́n mi lọ, owó tí ìyá yìí ń san ò sì tó ìdajì ti ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé, òfin ò sì jẹ́ kí onílé kàn jí lówùúrọ̀ kó fowó lé e bó ṣe wù ú. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọwọ́ iná ń jó. Tẹ́nì kan bá ní Wedding ò wọ́n, ẹ bi í pé ọdún wo ló kó débẹ̀.

Ọkọ̀ ni mo gbádùn. Deutschlandticket, ìwé ìwọkọ̀ olóṣooṣù, yúrò 58 lóṣù ní 2025, bọ́ọ̀sì, reluwé abẹ́ ilẹ̀, reluwé tó ń lọ sí ìlú tó wà nítòsí, gbogbo ẹ̀ wà nínú ẹ̀. Àfi pé tẹ́ ò bá fagi lé e kó tó kọjá ọjọ́ 10 nínú oṣù, wọ́n á tún yọ ti oṣù tó ń bọ̀. Mo rántí lọ́jọ́ 14. Ẹ má bi mí.

Mo wá ní kí n fi ìgò gba díẹ̀ padà, torí sẹ́ńtì 25 làwọn ṣọ́ọ̀bù ń dá padà lórí ìgò rọ́bà alálòsọnù kan, mo ṣà á jọ títí ó fi kún báàgì méjì. Àṣé Sọ́ńdè ni mo máa wọkọ̀ òfuurufú, ṣọ́ọ̀bù sì ń tì pa lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo bá gbé báàgì méjèèjì lọ fún ìyá ará Tọ́kì. Ẹni tówó ilé wọn kéré jù nínú ilé yẹn náà ló tún jẹ owó ìgò mi.